Ẹ̀pà Ṣeé Là, Ọmọ Kò Ṣeé Là

Ẹ sún mọ́ ibí. Sàrátù, tẹ́ ẹní kejì sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi fìdí lé. Ẹ gbójú kúrò lára ìkòkò mi o! Wáákyé mi ṣì wà lórí iná. Ìrẹsì òun ẹ̀wà ò tíì mọ ara wọn, ewé ọkà bàbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n omi wọn ni. Bó bá jinná, a ó jẹ. Kó tó jinná, ẹ bá mi gbe:

*Ìkòkò ń hó, ọ̀rọ̀ ń hó,*
*Èwo ni ká kọ́kọ́ sọ̀?*
*Ọ̀rọ̀ ni o, ọ̀rọ̀ ni,*
*Ẹni ebi ń pa ẹ fetí jẹ.*

Ẹ ṣeun. Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù ni. Ọyẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi lọ sí iléèwé. Kí ọyẹ́ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti ń ru abọ́ táńgánran tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ọjà Tamale. Nítorí náà, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ ìwé pè, ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má dá mi dúró.

Nafisa, ọmọ ọmọ mi, ló ni ìtàn yìí. Ìyá rẹ̀ ti lọ kí ọmọ náà tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ó di ọmọ jẹ́jẹ́, èyí tí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju bó ti ń bá èèyàn sọ ọ́. Nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ó gba yàrá kan sí Vittin, láàrin àwọn ilé tuntun tí onílé wọn kò tíì kó wọ̀. Ó ní, "Màmá, bí mo bá ti ilẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí."

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wọn ní kí gbogbo wọn jáde síta. Ó ní, "Ẹ ó di tíṣà ọmọdé láìpẹ́. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀kọ́ kan, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti kọ́ni, kó lọ síbi ògiri. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kó lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò."

Ó pe ìròpọ̀, gbogbo wọn rọ́ lọ síbi ògiri. Ó pe ìyọkúrò, ògiri náà ni. Ó wá pe sitatísíìkì. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe wá sẹ́nu mi nìyẹn! Ìṣirò tí wọ́n fi ń bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè kan ni, tí wọ́n á kó èsì rẹ̀ jọ, tí wọ́n á yà á bí ọ̀pá gígùn àti ọ̀pá kúkúrú, tí wọ́n á sì wá ohun tí ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ká ní a pín in dọ́gba.

Gbogbo wọn wo ojú ara wọn, wọ́n tún rọ́ lọ síbi ògiri. Irọ́ ni. Nafisa mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ó ti gbọ́ bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń sunkún sí ẹ̀kọ́ yẹn. Ó kọrí sí abẹ́ igi, òun nìkan. Ó ní gbogbo ojú tó wà níbi ògiri ló ń gún òun lẹ́yìn, ọ̀nà náà sì gùn bí ọ̀nà Bolga. Ó débẹ̀, ló bá bá ọmọkùnrin kan tó ti gba ìhà kejì yọ, tó fẹ̀yìn ti igi.

"Ìwọ náà?" ni Nafisa wí. Hausa ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ló ń fi Yorùbá tún un sọ fún yín.

"Èmi náà. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀?"

"Mo lè ṣe é. Nínú ìdánwò, mo máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kan bá bi mí pé, 'Tíṣà, kí la fẹ́ fi ṣe?', mi ò ní èsì. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò tiẹ̀ lè ṣe é," ni ọmọkùnrin náà wí. "Òòrùn ló kọ́kọ́ lé mi débí. Lẹ́yìn tí mo dé, mo wá rí i pé ibi tó yẹ mí nìyí."

Nafisa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò mọ bí ẹ̀rín ọmọ yẹn ṣe wọ́n tó! Issahaku lorúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ Dagomba tó nilẹ̀ ibí ni, àdúgbò Kakpagyili nilé wọn.

Láti ìgbà náà, nírọ̀lẹ́, Issahaku á gun alùpùpù rẹ̀ wá sí Vittin pẹ̀lú ẹ̀pà bíbọ̀ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Wọ́n á jókòó síta, níbi tí ayé ń rí wọn, wọ́n á máa ka ìwé. Wọ́n á pín ẹ̀pà náà dọ́gba. Bó bá ṣẹ́ku ẹyọ kan, Issahaku á là á sí méjì, á fi ìlàjì sí àtẹ́lẹwọ́ Nafisa, kò sì ní jẹ tirẹ̀ títí Nafisa á fi jẹ. Nafisa sọ fún mi pé ìdajì ẹ̀pà yẹn máa ń yó òun ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ní, "Hẹn-ẹn, àrùn náà ti wọlé."

Ó ku bàbá rẹ̀. Mùsbáù ọmọ mi, tó ń ta ohun èlò alùpùpù lọ́jà, orí rẹ̀ le bí irin tó ń tà.

"Ọmọ Dagomba?" ni Mùsbáù wí. "Ṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti tán ní Tamale ni?"

Mo ní, "Wọn ò tán. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló lè fi Yorùbá kí mi kó má fi Hausa parí ẹ̀? Nafisa tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, bí mo bá ní kó gbé ìkòkò, abọ́ ló ń gbé."

"Màmá, mi ò bá yín ṣeré. Ẹ ti gbàgbé ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo àjèjì kó ẹrù wọn kúrò nílẹ̀ yìí? Oyún mi lẹ gbé sínú lórí ọkọ̀ ẹrù. Àwọn obìnrin wa tó fẹ́ ará ibí, ọkọ wo ló tẹ̀lé wọn?"

"Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ta ló ṣọ́ ilé wa títí a fi padà dé? Ṣé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Mùsbáù fọwọ́ nu ojú. Dagomba ni, ó mọ̀. "Tóò. Kí wọ́n gbé góórò wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá kán tí mi ò rí góórò, ọmọ ọ̀rẹ́ mi wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń retí ọ̀rọ̀ mi."

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ẹnu lásán kì í tọrọ ìyàwó. Góórò ni, obì gbànja pupa yẹn. Àgbà obìnrin ilé ọkọ ló ń gbé e wá. Bí a bá gbà á, a là á, a pín in ká àdúgbò. Gbogbo ilé tó bá jẹ nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Àgbà obìnrin ilé Issahaku ni Hájíà Zuwera, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun ló tọ́ ọ dàgbà. A jọ mọra lọ́jà, "ọ̀rẹ́ mi" là ń pe ara wa. Ó ti ra góórò náà pàápàá. Mo ti ń kọrin ìyàwó láàrin abọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì pín wọn sí iléèwé láti lọ fi kíkọ́ni dánra wò. Issahaku bọ́ sí abúlé kan lọ́nà Yendi. Nafisa bọ́ sí Kakpagyili, sí kíláàsì tí Adiza, ọmọ ọmọ Hájíà Zuwera, wà.

Ó kọ́ wọn ní ìròpọ̀, ó dùn. Ó kọ́ wọn ní àwòrán àti orin, wọ́n ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí òròmọdìẹ. Lẹ́yìn náà ni ó kan sitatísíìkì. Nafisa di ìwé mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń di igi mú. Ìwé ní: bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè, ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí? Nafisa bá bi wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nafisa mọ̀ ọ́n. Ní kékeré, bó bá na ìka sí àwọn ọmọ tó ń ṣeré láti kà wọ́n, mo máa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwé jẹ́ kó gbàgbé ilé.

Ó kan Adiza. Adiza na ìka méjì. Ó wò wọ́n. Ó ká ọ̀kan. Ó tún nà án. Fadila ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ibà mú lọ nínú òjò tó kọjá. Gbogbo Kakpagyili ló mọ̀, Nafisa náà mọ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rí ojú èèyàn.

"Méjì ni àbí ọ̀kan, Adiza? Yára, àwọn yòókù ń dúró."

"Mi ò mọ̀, Tíṣà."

Nafisa kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó rò ó pọ̀, ó pín in, ó yíjú sí wọn. "Ọmọ mẹ́ta àti ààbọ̀ ló kan ilé kọ̀ọ̀kan."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Ààbọ̀ ọmọ! Ìhà wo ló kù, ìhà orí àbí ìhà ẹsẹ̀?" Nafisa náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé ẹ̀kọ́ náà ti parí láìṣubú. Adiza nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó délé, ó ní, "Màmá, Tíṣà ní ààbọ̀ ọmọ wà nínú ilé. Ṣé Fadila ni, àbí èmi tó kù?"

Ìdí abọ́ mi lọ́jà ni Hájíà Zuwera bá mi. Kò pè mí lọ́rẹ̀ẹ́.

"Wúlẹ̀mọ̀tù, nílé wa, a kì í ka ọmọ. Nílé tiyín ńkọ́?"

"A kì í kà á, Hájíà."

"Ta ló wá kọ́ ọmọ yín? Ó ka òkú mi mọ́ alààyè, ó là á sí méjì, ó sì ní kí kíláàsì rẹ́rìn-ín. Góórò wà nílé. Wọ̀láhì, yóò gbẹ sínú ewé kí n tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín."

Ó yí padà. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Issahaku pe Nafisa láti abúlé. "Nafisa, ẹni tó gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá mi lọ ni. Mi ò lè bá a jà. Jẹ́ kí n ronú."

"Títí dìgbà wo?"

Atẹ́gùn ló ń fẹ́ nínú fóònù. Lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Bí Nafisa bá pè é, fóònù á dún títí, á dákẹ́.

Ọyẹ́ wọlé wá. Ètè ọmọ mi ya, kò ra òrí láti fi pa á. Á ti iléèwé dé, á jókòó síta níbi tí wọ́n ti máa ń jókòó, alùpùpù á máa kọjá lọ, kò sí èyí tó yà. Ó ní òun ti wá mọ ìró ti Issahaku débi pé bí ọ̀kan bá jọ ọ́ láti òkèèrè, ọkàn òun á dìde, á tún jókòó. Mo máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń fọ abọ́ kan àti ife kan. Abọ́ kan, ife kan. Ìgbà tí mo ń padà, orin yìí ni mo kọ lọ́nà:

*Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ ya ètè mi,*
*Ta ni yóò bá mi fòrí pa á?*
*Ọ̀nà Vittin, ọ̀nà jíjìn,*
*Ẹni mo ń retí kò yà.*
*Eruku ló ń kan ilẹ̀kùn,*
*Eruku nìkan ló ń kí mi.*

Mo mú un lọ bẹ Hájíà. A jókòó nínú yàrá roboto ẹnu ọ̀nà wọn, ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Wọ́n gbé omi fún wa, nítorí kò sí ìbínú tó ń fi omi du àlejò. A mu ún. A dúró títí òjìji fi na tán nílẹ̀. Omi nìkan ló jáde wá.

Lọ́nà ilé, Nafisa ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Góórò kọ́ ni mo ń sunkún fún."

"Kí ni?"

"Adiza. Ó ti sún sẹ́yìn kíláàsì. Kì í na ọwọ́ mọ́. Ọjọ́ abẹ́ igi, Màmá, mo sọ òótọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọjọ́ tí mo dúró níwájú àwọn ọmọdé, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ìwé."

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ rán ẹni tí yóò wá wo bó ṣe ń kọ́ni, èyí tí yóò sọ bóyá yóò di tíṣà tàbí kò ní dì í. Ó lè mú ẹ̀kọ́ tó bá wù ú. Ọ̀gá iléèwé ní kó mú ìròpọ̀. Nafisa ní sitatísíìkì lòun fẹ́.

Mo ní, "Ọmọ yìí, iná tó jó ọ, o tún fẹ́ lọ yá a?"

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ìrọ̀lẹ́ kan, òun ra ẹ̀pà bíbọ̀, òun nìkan. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ku ẹyọ kan. Ọwọ́ rẹ̀ là á sí méjì kí ọkàn rẹ̀ tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò gba ìdajì. Ó gbé e sí ojú fèrèsé. Ó wò ó títí. Ó wá sọ síta pé, "Ẹ̀pà ṣeé là." Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n gbé igbá ẹ̀pà wá sí iléèwé.

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó lẹ́yìn, ojú rẹ̀ le. Mo gbójú sókè, ta ni mo rí lójú fèrèsé? Hájíà Zuwera. Ó wá mú Adiza kúrò, ó fẹ́ gbé e lọ sí iléèwé mìíràn.

Nafisa rí i. Ó gbé ìwé sórí tábìlì, ó pa á dé.

"Ẹ wá bu ẹ̀pà," ló wí.

Ẹ rí ogun! Ọlọ́wọ́ ńlá bù tirẹ̀ kún, ẹni tó wà lẹ́yìn rí díẹ̀ gbá. "Tíṣà, kò dáa! Iddrisu ló kó gbogbo ẹ̀!"

"Kí ni ká ṣe?"

"Ká dà á pọ̀!"

"Ẹ dà á pọ̀. Ẹ pín in dọ́gba. Ohun tó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ìṣirò wa ń wá."

Iddrisu tó ti pàdánù ẹ̀pà rẹ̀ fi ìbínú na ọwọ́. "Tíṣà, kí la wá fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè yẹn nìyẹn, èyí tó lé e lọ sábẹ́ igi. Nafisa wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ẹni tó bu díẹ̀ lè mọ̀ pé díẹ̀ lòun bù. Kí ìwọ náà sì mọ̀ pé o bu púpọ̀."

Ẹni tó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ́rìn-ín. Wọ́n pín in. Ó ṣẹ́ku díẹ̀ tí kò kárí, wọ́n ń là á ní méjì-méjì kó lè kárí. Nígbà náà ni ọwọ́ kan yọ lẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ̀pà ṣeé là," ni Adiza wí. "Fadila ńkọ́?"

Nafisa fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀, tíṣà kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé, lójú ẹni tó wá dá a lẹ́jọ́.

"Adiza, mo ṣe àṣìṣe. Ohun tó ṣeé là nìkan ni a ń pín báyìí. Ọmọ kò ṣeé là. Fadila, odindi ni. Ìwọ náà, odindi ni. Mi ò ní kà yín mọ́ láé."

Adiza ronú. Ó la ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀, ó na ìdajì sí i. "Ẹ gbà."

Nígbà tí mo fi nu ojú mi tán, kò sí ẹnikẹ́ni lójú fèrèsé. Adiza ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Nafisa yege. Inú mi dùn, mo jó. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló padà sí Vittin, sí abọ́ kan, ife kan. Hájíà kò rán ẹnì kankan. Ooru dé, àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í kójọ. Mùsbáù á jáde, á gbójú sókè bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó ti ní kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa múra.

Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ẹ̀fúùfù ń lu páànù, alùpùpù kan yà wọ àgbàlá wa. Nafisa tó wá kí mi dìde kó tó rí i. Ìró rẹ̀ ló mọ̀. Issahaku ni. Ẹni tó dì mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ìborùn rẹ̀ ń fò, Hájíà Zuwera ni, ó gbá ẹrù kan mọ́ àyà.

"Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ gbà mí! Ọmọ yìí fẹ́ẹ́ fi irin pa mí!"

Mùsbáù fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Òjò ti kán. Ó kán sí mi lórí."

"Òógùn ni, Mùsbáù," ni Hájíà wí. "Kò sí omi tó lè kọjá orí líle yìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ó tú ewé náà, góórò pupa ń dán nínú rẹ̀.

"Hájíà, ẹ ní yóò gbẹ sínú ewé."

Kò wo ojú mi. "Láti ọjọ́ tí ẹ mu omi mi tí ẹ lọ, mo ń wọ́n omi sí i láràárọ̀. Inú ń bí mi, mo ń wọ́n ọn." Ó wá pe Nafisa mọ́ra. "Ọmọ mi, iléèwé mìíràn ni mo fẹ́ mú Adiza lọ. Ó ní òun ò lọ, tíṣà òun kì í ka èèyàn."

Issahaku dúró lẹ́bàá irin rẹ̀. Nafisa kò sáré bá a.

"O dákẹ́," ni Nafisa wí.

"Mo dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì lọ fara ti ògiri. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibòji."

"Èmi nìkan ni mo jẹ gbogbo ìdákẹ́ yẹn, Issahaku."

"Mo mọ̀." Ó fa láílọ́ọ̀nù dúdú yọ nínú àpò. Ó mú ẹ̀pà kan, ó là á, ó na ìdajì. Kò jẹ tirẹ̀. Ó ń dúró. Gbogbo wa ń dúró, títí kan Mùsbáù. Nafisa wo ẹ̀pà náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbà á, ó jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni òjò tú sílẹ̀. Mùsbáù fúnra rẹ̀ la góórò àkọ́kọ́. Ìlàjì fún Hájíà, ìlàjì fún mi. A pín ìyókù ká àdúgbò nínú òjò.

Wọ́n ti di tọkọtaya, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ni ní Kakpagyili. Bí ẹ bá fẹ́ bi mí pé ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí, ẹ pa ẹnu dé! Wọ́n ti bí, ọmọ náà kún ilé, ó tó.

Sàrátù, ṣí ìkòkò wò. Ó ti jinná? Alihamudulilai! Ẹ na abọ́ yín. Kí ẹni tó bu púpọ̀ dà á padà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú:

*Dà á pọ̀, dà á pọ̀,*
*Pín in kárí o;*
*Èyí tó kù, ká là á,*
*Oúnjẹ ni, kì í ṣọmọ.*

Ẹ jẹ, ẹ lá ọwọ́ yín. Kí olúkúlùkù gbé ikùn kíkún relé, kí ẹ sì rọra lórí alùpùpù. Èmi á jókòó ti òfìfo ìkòkò mi díẹ̀. Ẹ má ṣàánú mi. Orin yín ṣì gbóná nínú rẹ̀.